Ṣé O Mọ̀? Ohun Èlò Tó Mọ Ojú Wa, Tó Gbọ́ Ohùn Wa

Ṣé o mọ̀ pé kókó kékeré kan wà lórí bọ́tìnnì 5 ẹ̀rọ POS tí wọ́n fi ń sanwó fún ọ ní Ìkọ̀tún l'Ékòó? Bó o bá tún débẹ̀, fi ìka kàn án. Kókó yẹn ni ẹni tí kò ríran fi ń mọ àárín: ibẹ̀ ló ti ń wá 2 lókè, 8 nísàlẹ̀, 4 lósì, 6 lọ́tùn-ún, tí yóò fi tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ láìsọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni.

Wá wo POS tuntun olójú gíláàsì báyìí. Ó ń dán, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n kókó 5 ti pòórá, ẹni tí kò ríran sì ní láti na káàdì àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ! Ohun èlò di tuntun, ẹnìkan bọ́ síta: irú rẹ̀ ni mo ti ń ṣà jọ, pẹ̀lú bí ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní AI, ṣe ń mú ẹni tó bọ́ síta padà wọlé, àti bí òun náà ṣe ń ti àwọn mìíràn síta nígbà mìíràn.

Ìwọ tó ń fi ìka fa ojú fóònù lọ sókè sódò nínú dáńfó, ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ tó ń dun èèyàn wà lára ohun tó bí i? Títẹ kíbọọ̀dù ń ro Wayne Westerman, ọmọ Amẹ́ríkà kan, lọ́wọ́ gan-an. Òun àti olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì dá iléeṣẹ́ FingerWorks sílẹ̀ kí ìka lè kàn máa rá lórí ẹ̀rọ. Apple rà wọ́n ní 2005, iPhone sì jáde ní 2007.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń pè ní typewriter ńkọ́? Ní nǹkan bí ọdún 1808, ará Ítálì kan, Pellegrino Turri, ṣe ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ wáyé, kí Carolina Fantoni, obìnrin ọlọ́lá tí ojú rẹ̀ ti fọ́, lè máa kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀!

Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ ka ìwé lásán sókè fún ẹni tí kò ríran tóbi tó ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ray Kurzweil ló gbé e jáde ní oṣù kìíní ọdún 1976, ó sì ti kọ́ ọ láti dá álífábẹ́ẹ̀tì mọ̀, irú títẹ̀ yòówù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ta lo rò pé ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sáré rà á? Stevie Wonder, olórin!

Gbogbo ẹ̀rọ gàgàrà yẹn ti wọ inú àpò ṣòkòtò lónìí. Áàpù Seeing AI ti Microsoft, tó jáde ní 2017, ń ka lẹ́tà, ó ń pe àwọ̀ aṣọ, ó ń sọ fún ọ pé ẹnìkan dúró síwájú rẹ. Saqib Shaikh tó ṣáájú iṣẹ́ náà kò ríran láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún 7, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi mọ ohun tó yẹ kó sọ.

Ní Denmark ńkọ́? Láti 2015 ni ẹni tí kò ríran ti lè fi áàpù Be My Eyes pe ẹni tó ríran lórí fídíò: "Jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni oògùn yìí máa bàjẹ́?" Ní 2023 ni wọ́n fi AI kún un, tí èèyàn fi lè béèrè ní aago méjì òru láìjí ẹnikẹ́ni lójú oorun.

Gbọ́ èyí ná, ó kéré ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi nínú. Ohun ìbó-èso ló ń ni ìyàwó ọkùnrin kan, Sam Farber, lára nítorí làkúrègbé. Ọkọ ṣe tuntun tí ìdìmú rẹ̀ sanra tó sì rọ̀, ó gbé e sọ́jà ní 1990 pẹ̀lú orúkọ OXO, àwọn tí ọwọ́ wọn le koko náà sì rà á!

Fojú bù ú kí o tó kà á síwájú: àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà wọn ara awakọ̀ òfuurufú 4,063 ní 1950, wọ́n sì wo ibi 10 lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn mélòó ló wà ní agbedeméjì níbi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá?

Òdo. Kò sí ẹyọ kan! Gilbert Daniels, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe ìṣirò náà, fi yé wọn pé ìjókòó tí wọ́n ṣe fún ẹni àárín kò ṣe é jókòó sí fún ẹnikẹ́ni, bí wọ́n sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìjókòó tó ń sún síwájú sẹ́yìn nìyẹn.

Ère tí wọ́n ń jù mọ́ ògiri láti fi dán ìjàǹbá ọkọ̀ wò, ṣé akọ ni àbí abo? Akọ ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí wọ́n sì ń pè ní abo, akọ tí wọ́n gé kúrú ni! Ọdún 2022 ni Astrid Linder àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èyí tó ní ìwọ̀n obìnrin gidi hàn: sẹ̀ńtímítà 162, kílò 62.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jack. Kò jẹun rí, kò rẹ̀ ẹ́ rí, o lè sọ ọ́ di gíga tàbí kúrú, kí o sì ní kó na ọwọ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún. Inú kọ̀ǹpútà ni Jack ń gbé. Yunifásítì Pennsylvania ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, iléeṣẹ́ Siemens ló ń tà á báyìí, àwọn tó ń pète ohun èlò sì máa ń fi í dán an wò kí wọ́n tó gé irin kankan.

Kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa láti Ìgándò lọ sí Ìkọ̀tún, ṣé o mọ̀ pé orúkọ gómìnà ológun ló ń jẹ́? Buba Marwa ni, ẹni tó ṣe àkóso Èkó láti 1996 sí 1999. Wo ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn nígbà tó bá fẹ́ wọ Márúwá: ó yí ìdí sí i, ó jókòó, ó wá fa ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé tẹ̀lé e. Wò ó nígbà tó bá fẹ́ wọ dáńfó: ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí irin, ọwọ́ kan lára ilẹ̀kùn, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ", mọ́tò sì ti ń rìn. Ìwọ̀n irú orúnkún yẹn ni mo fẹ́ kí ẹnìkan kó lọ fún Jack.

Àga kan wà lágbàáyé tí AI bá èèyàn pète! Ní 2019, Philippe Starck, ọmọ Faransé, bi kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ Autodesk pé báwo ni ara ṣe lè sinmi lórí ohun tó kéré jù lọ. Iléeṣẹ́ Kartell ní Ítálì rọ ohun tí wọ́n jọ rí, wọ́n sì sọ àga náà ní A.I.

Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni kọ̀ǹpútà ní lọ́kàn nígbà tó gbọ́ "ara"? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń gbóná.

Ṣé o rántí fídíò ọṣẹ yẹn? Oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni: ọmọ Nàìjíríà kan, Chukwuemeka Afigbo, fi í hàn gbogbo ayé pé ẹ̀rọ tó ń pọn ọṣẹ pọn ọn fún ọwọ́ funfun, ọwọ́ dúdú dé abẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́. Wọ́n wá gbé bébà ìnuwọ́ funfun sí i. Ọṣẹ pọ̀ jáde!

Ẹ̀rọ náà kò kórìíra ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ọwọ́ dúdú kò rí ọṣẹ. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí ló máa ń tàn sísàlẹ̀, ó sì ń dúró kí ọwọ́ ta á padà. Awọ dúdú máa ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ra. Ẹnì kan tó dúdú ì bá na ọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀ níléeṣẹ́ kí wọ́n tó kó o sínú páálí, tán.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ kò tíì pa ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há aláìsàn ní ìka láti mọ bóyá atẹ́gùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ńkọ́? Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 fi hàn pé nígbà tí ẹ̀rọ náà bá sọ pé kò sí wàhálà, ó ń ṣàṣìṣe lórí aláwọ̀ dúdú ní ìgbà 11.7 nínú 100, ó sì ń ṣàṣìṣe lórí aláwọ̀ funfun ní ìgbà 3.6 péré. Ìlọ́po mẹ́ta! Lákòókò Kòrónà!

Èèyàn dúdú mélòó ni ìlànà Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò láti 2013? Ó kéré tán, méjì nínú mẹ́wàá. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó ohun èlò ìṣègùn níbẹ̀, tó dábàá pé kí àwọn tí wọ́n ń fi dán an wò má dín ní 150, kí oríṣiríṣi awọ sì wà nínú wọn.

Obìnrin kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ghana ní láti wọ ìbòjú funfun kí kọ̀ǹpútà tó gbà pé ó ní ojú! Joy Buolamwini ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ MIT ni nígbà náà, kò sì jẹ́ kó tán síbẹ̀.

Òun àti Timnit Gebru kó àwòrán àwọn aṣòfin 1,270 jọ ní 2018, láti Rwanda, Senegal, South Africa, Iceland, Finland àti Sweden, wọ́n ní kí AI iléeṣẹ́ mẹ́ta sọ ẹni tó jẹ́ ọkùnrin àti ẹni tó jẹ́ obìnrin. Ó kù díẹ̀ kó má ṣàṣìṣe rárá lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun: 0.8 nínú 100. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Àṣìṣe náà ga dé 34.7. Àwọn obìnrin tí wọ́n wà nílé aṣòfin o, tí gbogbo ìlú mọ̀ wọ́n!

Ta ló tún bá Buolamwini padà lọ wò ó ní 2019? Inioluwa Deborah Raji. Bẹ́ẹ̀ ni, Iniolúwa! Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, Kánádà ló dàgbà sí, òun ló sì fi hàn pé ẹ̀rọ Amazon ń pe obìnrin dúdú ní ọkùnrin ní nǹkan bí ìgbà 31 nínú 100.

Kí AI tó dé rárá ni kámẹ́rà ti ń fi àwọ̀ wa ṣòfò. Àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan tí wọ́n ń pè ní Shirley ni Kodak fi ń mọ̀ bóyá fíìmù dára. Àwọn wo ló wá pariwo tí Kodak fi tún fíìmù ṣe? Gẹ́gẹ́ bí ìwádìí Lorna Roth ní Kánádà ṣe sọ, àwọn tó ń ta ṣokoléètì ni, àti àwọn tó ń ta àga onígi: ọjà wọn kì í hàn dáadáa nínú fọ́tò.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ, ṣé Tecno ni? Iléeṣẹ́ tó ni ín, Transsion, wo ojú àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Áfíríkà, ó sì kọ́ kámẹ́rà láti tan ìmọ́lẹ̀ sí awọ dúdú bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n gbé ohun tí wọ́n pè ní Universal Tone jáde ní 2023, àwọ̀ 372 ló wà lórí káàdì tí wọ́n fi kọ́ AI rẹ̀!

Google ní tirẹ̀ mú 10. Ellis Monk, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ló to àwọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà, Google sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2022 láìgba kọ́bọ̀.

Jẹ́ ká padà sílé. Èèyàn mélòó ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, Alímọ̀ṣọ́? Ó sinmi lórí ẹni tó o bá bi. Nínú ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ní a lé ní mílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n a kò tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní a jẹ́ 2,047,026. Èèyàn tó lé ní 700,000 ló wà nínú ìwé kan tí kò sí nínú èkejì!

Ìjọba ìbílẹ̀ kan, wọ́n pín in sí ẹ̀ka mẹ́fà: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádó/Òkè-Odò, Àyọ̀bọ́/Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́/Ìdìmù, Ìkọ̀tún/Ìgándò àti Mọ́sàn-Òkúnọlá. Oríṣiríṣi ojú, gíga, ohùn àti ọjọ́ orí ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ́ AI, Ìyànà Ìpájà ni mo máa kọ́kọ́ gbà lọ.

Èkó ṣáájú ìjọba àpapọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá, kí o sì yangàn díẹ̀! Ọdún 2011 ni Èkó ti fọwọ́ sí òfin tó dáàbò bo àwọn àkàndá ẹ̀dá; ìjọba àpapọ̀ kò fọwọ́ sí tirẹ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 2019, ọdún 8 lẹ́yìn.

Òfin 2019 náà fún àwọn tó ni ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ àkàndá lè gbà. Ìgbà wo ni ọdún márùn-ún pé? Oṣù kìíní ọdún 2024. Wo ẹnu ọ̀nà báńkì tó o máa lọ lọ́la, kí o ka àkàsọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ó yá, ohùn ló kàn. Ní 2020, àwọn olùwádìí Stanford fún ẹ̀rọ iléeṣẹ́ márùn-ún, Apple, Amazon, Google, IBM àti Microsoft, ní ohùn àwọn ọmọ Amẹ́ríkà láti kọ sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ 100, ẹ̀rọ ṣi 19 gbọ́ lẹ́nu aláwọ̀ funfun, ó ṣi 35 gbọ́ lẹ́nu aláwọ̀ dúdú! Àwọn tí wọ́n bí sórí èdè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn o. Èmi àti ìwọ ńkọ́?

Ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan wà tí àkọlé rẹ̀ sọ ní gbangba pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ń pa orúkọ ọmọ Áfíríkà bí ẹran! Ó jáde ní 2023. Ìwọ náà pe orúkọ rẹ sí fóònù, kí o wo ohun tó máa kọ.

Àwọn kan kò wulẹ̀ ṣàròyé, wọ́n lọ kó ohùn jọ. Dókítà ìṣègùn ni Tóbi Ọlátúnjí, òun ló dá iléeṣẹ́ Intron sílẹ̀ ní 2020, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kó Gẹ̀ẹ́sì tó jáde lẹ́nu àwọn èèyàn 2,463 jọ láti orílẹ̀-èdè 13 ní Áfíríkà. Oríṣi ohùn mélòó ló wà níbẹ̀? 120, wákàtí 200!

Ìdí tó fi dùn mọ́ mi nìyí: ronú nípa ọsibítù ìjọba Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí èrò ṣe máa ń tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Bí dókítà bá lè sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sínú ẹ̀rọ tó mọ ohùn rẹ̀, tó mọ orúkọ oògùn, tó mọ Adébísí yàtọ̀ sí Adébáyọ̀, ìgbà tó fi ń kọ̀wé yóò di ìgbà tó fi ń wo ojú ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀.

Ṣé o rántí ìgbà tí Google Maps ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ọmọ Nàìjíríà júwe ọ̀nà? Oṣù keje ọdún 2019 ni, Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè tó dá YorubaName sílẹ̀, sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Kó tó di ìgbà náà, ọ̀nà Àkówónjọ lẹ́nu ẹ̀rọ náà kò ṣe é gbọ́ sétí!

Ìbàdàn ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ọ̀pọ̀ tó gbọ́ AI rí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni Túndé Adégbọlá àti iléeṣẹ́ rẹ̀, Alt-i, ti ń wá bí kọ̀ǹpútà ṣe máa gbọ́ Yorùbá tòun ti ohùn rẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀.

Àmì ohùn tí à ń fò nígbà tí a bá ń kọ WhatsApp, ẹ̀rọ tí ń kàwé fún ẹni tí kò ríran kò lè fò ó. Ìwọ á mọ ohun tí mo ní lọ́kàn. Ẹ̀rọ á kàn méfò ni! Ní 2018 ni Iroro Orife tẹ ìwádìí kan jáde lórí AI tó ń dá àmì náà padà sórí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì mélòó ni David Adélání àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tò pọ̀ ní 2021 láti fi kọ́ ẹ̀rọ ní ògbufọ̀? 20,100, wọ́n sì fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́.

WhatsApp fi ohùn gbígbà sílẹ̀ kún iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2013. Mi ò mọ̀ bóyá iléeṣẹ́ náà ní ìyá tó ń ta ata ní ọjà Ìkọ̀tún lọ́kàn nígbà náà, síbẹ̀ wò ó bó ṣe ń fi àtàǹpàkò kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó ń bá oníbàárà rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá dúnàádúrà, tí kò nílò lẹ́tà kan!

Lóṣù kẹwàá 2024 ni Google fi èdè Áfíríkà 15 kún àwọn tí èèyàn lè sọ sí fóònù. Yorùbá wà níbẹ̀, Pijin náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ìjọba àpapọ̀ àti iléeṣẹ́ Awarri gbé AI kan, N-ATLaS, jáde, tó mọ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì olóhùn Nàìjíríà.

Ẹni tí ohùn kò já geere lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú ahọ́n rẹ̀ wúwo? Àwọn ará Ghana ti ń ro tiwọn: iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Tekyerema Pa ń gba ohùn irú àwọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Akan, kí ẹ̀rọ lè kọ́ láti gbọ́ wọn yé. Ó wù mí kí n rí irú rẹ̀ ní Yorùbá, ó wù mí gidigidi.

Ta ló mú ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí kò gbọ́ràn wá sí Ìbàdàn ní 1960? Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí òun náà kò gbọ́ràn! Accra ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ilé ẹ̀kọ́ tó sì dá sílẹ̀ ní Áfíríkà lé ní 30.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń kọ́ AI láti ka èdè ọwọ́ tiwa. Steven Kọ́láwọlé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwòrán àmì 137 jọ, wọ́n gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ògbufọ̀ èdè ọwọ́ kan lórí tẹlifíṣọ̀n àti ilé ẹ̀kọ́ àkàndá méjì, ẹ̀rọ náà sì ń sọ àmì di ohùn!

Ó ku ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fúnra wọn. Ní Lomé ní Togo, ní 2013, Kodjo Afate Gnikou fi àlòkù kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti kó dànù ṣe 3D printer, ẹ̀rọ tó ń tẹ ohun gidi jáde. Ìwọ ará Ìgándò tí ààtàn Solous wà ní ìtòsí rẹ, ṣé o gbọ́?

Togo náà wà lára ibi tí àjọ Handicap International ti kọ́kọ́ dán ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí 3D printer ṣe wò ní 2016, pẹ̀lú Madagascar àti Syria. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré ya àwòrán ìtì ẹsẹ̀ lórí ibùsùn aláìsàn, kọ̀ǹpútà tún un ṣe, ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò sí pé a ń rìnrìn àjò jìnnà lọ fi POP, ìyẹ̀fun funfun tó ń le, mú ìwọ̀n ìtì ẹsẹ̀ mọ́.

Kí nìdí tí ọwọ́ àtọwọ́dá fi sábà máa ń funfun báyẹn? John Amanam, oníṣẹ́ ọnà ní Uyo, bi ara rẹ̀ léèrè lẹ́yìn tí ìbátan rẹ̀ kan pàdánù ìka. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìka, etí àti ọwọ́ aláwọ̀ dúdú, tòun ti ìlà àtẹ́lẹwọ́, oríkèé tó dúdú ju àyíká lọ, àti èékánná; bí o bá bọ ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́, o ò ní mọ̀! Ó tún ti ṣe Ubokobong, apá tó ń gbọ́ àṣẹ láti ara iṣan ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ọmọ Sókótó, Jelani Aliyu, ló ya àwòrán ọkọ̀ Chevrolet Volt ti General Motors! Bí ọmọ rẹ ní Ẹ̀gbẹ́dá bá ń fi ẹ̀yìn ìwé ya kẹ̀kẹ́ tí ìyá àgbà lè wọ̀, má bá a jà: wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ pípète ohun èlò ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, wọ́n ń kọ́ ọ ní Ahmadu Bello ní Zaria.

Èyí tó kẹ́yìn, ìwọ lo sì máa ṣe é. Common Voice ti Mozilla ń gba ohùn Yorùbá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù: o ka gbólóhùn kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àwọn méjì mìíràn tẹ́tí sí i, wọ́n ní ó pé, ó wọ inú àkójọ tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ́ ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ka mẹ́wàá, kí o wá gbé fóònù fún ìyá rẹ àgbà kó ka mẹ́wàá tiẹ̀, nítorí ohùn àwọn arúgbó ṣọ̀wọ́n.